Ọkọ̀ gọ́ọ̀fù fún ilé tí ẹ kì í gbé jálẹ̀ ọdún: ṣé elépo ni àbí oníbátìrì?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ní ilé kejì sí Florida. Ẹni tó ń bèèrè sábà máa ń ro ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ máa gun ọkọ̀ náà: ariwo rẹ̀, eré rẹ̀, ibi tó lè gbé òun dé. Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ tí ẹ ń wà lójoojúmọ́ kì í dédé kú. Èyí tó dá wà nínú gáréèjì láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, nínú ooru àti ọ̀rinrin, òun ló ń kú. Nítorí náà, iye oṣù tí ẹ kò ní sí nílé ni kẹ́ ẹ fi yan ọkọ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn náà: “gas” tí ẹ máa rí lára ìpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà, epo pẹtiróòlù ni wọ́n ń wí, kì í ṣe gáàsì ìdáná.

## Fún ẹni tó ń kánjú

- Ẹ kì í lọ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, iná sì wà nínú gáréèjì: ẹ ra oníbátìrì. Bátìrì olómi lásán (olójèé tí wọ́n ń bu omi sí) ti tó.
- Ẹ máa ń lọ fún oṣù mẹ́rin sí méje, kò sì sẹ́ni tó máa bá yín wo ilé: ẹ ra oníbátìrì lítíọ́mù.
- Ìrìn yín lójúmọ́ ju máìlì 25 lọ, tàbí kò síbi tẹ́ ẹ ti lè ki ṣájà bọ iná: ẹ ra elépo.
- Ilé yín wà níbi tí omi òkun máa ń ya dé nígbà ìjì líle, kò sì sẹ́ni tó máa gbé ọkọ̀ kúrò: ẹ má fi lítíọ́mù síbẹ̀.
- Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín, HOA, kò fẹ́ elépo: ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

## Ìbéèrè mẹ́fà kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ olùtajà

1. Oṣù mélòó lẹ kì í sí ńbẹ̀ lọ́dún? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń sá fún òtútù Chicago tàbí Maryland wá sí Florida, tó sì tún ń lọ sílé ní Nàìjíríà fún Kérésì, ìgbà méjì ló ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dún. Ẹ ka méjèèjì.

2. Ta ló máa ṣílẹ̀kùn gáréèjì lẹ́ẹ̀kan lóṣù? Ẹ má kàn dárúkọ aládùúgbò tó níwà. Ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ máa wà níbẹ̀ ní oṣù keje. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló jọ ń kó lọ ní oṣù kẹrin.

3. Níbo lọkọ̀ máa sùn? Oníbátìrì nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì fólítì 120 tó dáa, tí ohun mìíràn kò sí lórí wáyà rẹ̀, nítorí ṣájà lè fa bí áńpíà 10 sí 12 fún wákàtí púpọ̀. Wáyà àfikún tín-ín-rín tí wọ́n fi ń tan iná Kérésì kò lè gbé e. Ó máa gbóná, ó sì lè jóná. Tó bá jẹ́ elépo ni, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná nínú gáréèjì náà ní iná tó ń jò ní gbangba. Òórùn epo àti iná kò gbọdọ̀ jọ gbé inú yàrá kan.

4. Báwo lẹ ṣe ń rìn jìnnà tó lójúmọ́? Ẹ fi mọ́tò yín wọn ọ̀nà náà: ilé dé ọjà, ọjà dé ṣọ́ọ̀ṣì, àlọ àti àbọ̀. Bátìrì olómi tuntun máa gbé yín rin bíi máìlì 15 sí 25. Bó bá ṣe ń dàgbà, iye náà ń dín kù. Lítíọ́mù fólítì 48 tó gba bíi áńpíà-wákàtí 105 lè dé máìlì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táǹkì epo ọkọ̀ tuntun máa ń gba bíi gálọ́ọ̀nù márùn-ún sí mẹ́fà, ó sì lè gbé yín kọjá máìlì 100. Ìdí rèé tí elépo fi pọ̀ gan-an ní The Villages, ìlú àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní Florida, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ gọ́ọ̀fù ti gùn láti káúńtì kan dé òmíràn.

5. Kí ni HOA wí? Ẹ gba òfin wọn ní kíkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà kì í ṣe òfin.

6. Ta ló máa tún un ṣe? Club Car, E-Z-GO àti Yamaha ni mẹkáníìkì ibẹ̀ mọ̀ jù, ẹ̀yà ara wọn sì wà káàkiri. Ọkọ̀ aláràbarà tí owó rẹ̀ rọlẹ̀ lè dúró de ẹ̀yà ara kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́rin péré lẹ fẹ́ lò níbẹ̀.

## Ohun tí ìdúró ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan

Bátìrì olómi. Bátìrì yìí kì í sùn. Bí ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ń jo agbára rẹ̀ nù ní ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ooru sì ń mú un yá. Nígbà tí agbára bá lọ sílẹ̀ tó sì pẹ́ níbẹ̀, ìdọ̀tí funfun máa ń ta lé pẹlẹbẹ òjé inú rẹ̀, á sì gan pa. Bó bá ti gan, kò sí ṣájà tó lè yọ ọ́ mọ́. Òdìkejì náà burú: ṣájà àtijọ́ tí kì í dá ara rẹ̀ dúró máa se omi inú bátìrì gbẹ, pẹlẹbẹ á yọ sí afẹ́fẹ́, ibi tó bá yọ sì ti kú nìyẹn. Bátìrì tó yẹ kó lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ń kú lọ́dún méjì sí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó fi í sílẹ̀ lọ. Tó bá sì ń gba iná, ó máa ń tú háídírójìn jáde, gáàsì tó lè bú. Ẹ má tan sìgá sí i, ẹ má sì dé gáréèjì náà pa pátápátá.

Lítíọ́mù. Èyí ni ìdúró kì í pa lára púpọ̀: bí ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń jò nù lóṣù, kò sì lómi. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló ń bà á jẹ́. Èkíní, kéèyàn fi í sílẹ̀ ní kíkún dẹ́nu nínú ooru oṣù mẹ́fà. Èkejì, kéèyàn fi í sílẹ̀ nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí rédíò, ihò USB tàbí ẹ̀rọ atọ́pinpin GPS sì máa fa èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀kẹta ni omi iyọ̀. Lẹ́yìn ìjì Ian ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn panápaná Florida bá iná ọkọ̀ oníbátìrì jà lẹ́yìn tí omi òkun ti bò wọ́n, àwọn mìíràn sì gbiná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọkọ̀ lítíọ́mù tí omi òkun bá ti bò mọ́lẹ̀, ẹ má ki ṣájà bọ̀ ọ́ mọ́. Ìta ni kó wà, jìnnà sí ilé.

Elépo. Epo ilé epo lásán ní ẹtanọ́ọ̀lù (irú ọtí kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo) tó lè tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹtanọ́ọ̀lù sì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Ní Florida, afẹ́fẹ́ kò ṣàìní omi. Epo á pínyà, omi á lọ sísàlẹ̀ táǹkì. Èyí tó kù nínú kabúrétọ̀ á gbẹ, á di bí oje igi, á sì dí ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta tó. Ẹ́ńjìnì EFI, tí kò ní kabúrétọ̀, fara dà á jù, ṣùgbọ́n epo burúkú lè dí ihò ti tirẹ̀ náà. Ẹ má sì gbàgbé pé elépo náà ní bátìrì fólítì 12 kan tó fi ń sítáàtì. Ẹni tó sá fún bátìrì kò tíì bọ́ lọ́wọ́ bátìrì.

## Òfin, ní ṣókí

Ní Florida, ọkọ̀ gọ́ọ̀fù ni èyí tí kò lè sáré ju máìlì 20 lọ ní wákàtí kan, ojú ọ̀nà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá fọwọ́ sí nìkan ló sì lè rìn. Bó bá ti lè kọjá 20, tí kò ju 25 lọ, ó ti di LSV (low-speed vehicle, ọkọ̀ tí eré rẹ̀ mọ níwọ̀n): ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, ìforúkọsílẹ̀ àti ìbánigbófò, ẹni tó ń wà á sì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì. LSV lè rìn lójú ọ̀nà tí àmì rẹ̀ kò ju máìlì 35 lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ gọ́ọ̀fù lójú ọ̀nà ìjọba láìní láísẹ́ǹsì tàbí ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ ìwakọ̀. Ẹni tó ti pé 18 gbọ́dọ̀ mú ìwé ìdánimọ̀ ìjọba tó ní àwòrán dání. Ẹ sọ fáwọn ọmọ-ọmọ kí wọ́n tó dé.

Ẹni tó bá sì sọ pé òun máa bá yín “tú eré ọkọ̀ náà sílẹ̀”, ìbáà ṣe elépo ìbáà ṣe oníbátìrì, ìjàngbọ̀n òfin ló ń tà fún yín.

## Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà

Oníbátìrì:

1. Ẹ ṣí ìjókòó. Lára bátìrì Trojan, wọ́n máa ń lu lẹ́tà àti nọ́ńbà mọ́ orí òjé tí wáyà ń dè mọ́: A ni oṣù kìíní, L ni oṣù kejìlá, nọ́ńbà náà sì ni èyí tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ọdún. Bí bátìrì mẹ́fà bá ní ọjọ́ orí mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni kan ti ń lẹ̀ ẹ́ kiri.
2. Ẹ ní kí wọ́n gba iná sí i kún, kó sì sinmi di ọjọ́ kejì. Ẹ fi míítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bátìrì fólítì 8 tó kún yẹ kó sún mọ́ 8.5, mẹ́fà pọ̀ yẹ kó tó bíi 51. Èyí tó bá rẹ̀yìn sáwọn yòókù ní ìdajì fólítì ti ń kú, ó sì máa fa àwọn tó kù lọ.
3. Ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ tún wọn wọ́n. Àárẹ̀ tó fara pamọ́ ní ìsinmi máa hàn níbí.
4. Ẹ wo ẹnu wáyà. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé tó wọ inú wáyà lọ kò ṣeé fọ̀. Wáyà tuntun ló kù.
5. Tó bá jẹ́ lítíọ́mù, ẹ gba rìsíìtì, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe bátìrì, àti ṣájà tó bá a wá. Ṣájà bátìrì olómi kì í ṣe ṣájà lítíọ́mù.

Elépo:

1. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Bó bá gbóná, wọ́n ti sítáàtì rẹ̀ de yín. Ẹ padà wá nígbà tó bá tutù.
2. Ẹ ṣí táǹkì, ẹ gbóòórùn. Epo tó dáa ń ta símú; èyí tó ti bàjẹ́ ń rùn bí ọ̀dà àtijọ́.
3. Ẹ wo èéfín rẹ̀ bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jóná.
4. Ẹ wo bẹ́líìtì méjèèjì. Bó bá ti sán tàbí tó ń dán bí ìkòkò, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san.

## Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ

Bátìrì olómi

1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú. Ásíìdì ló wà níbẹ̀.
2. Ẹ gba iná sí i kún *kẹ́ ẹ tó* bu omi sí i. Ẹni tó bu omi kún un kó tó gba iná, á bá ásíìdì nílẹ̀, nítorí omi náà ń wú. Àfi tí pẹlẹbẹ bá ti yọ síta nìkan: ẹ bu díẹ̀ tó máa bò ó, kẹ́ ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́.
3. Omi bátìrì nìkan (distilled water), ìyẹn omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò; omi tí ẹ kàn sè nílé kọ́. Omi ẹ̀rọ ilé Florida kún fún èròjà ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kù bíi mìlímítà mẹ́ta kó tó kan ìsàlẹ̀ ọrùn ihò náà.
4. Ẹ fi páúdà baking soda ife kan nínú omi gálọ́ọ̀nù kan nu orí wọn. Ẹ má jẹ́ kó kán sínú.
5. Ẹ yí súwíìṣì abẹ́ ìjókòó láti Run sí Tow. Bí ẹ kò bá yí i, ẹ̀rọ tó ń darí mọ́tò á máa mu iná díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.
6. Bí ṣájà bá jẹ́ irú tuntun tó mọ bátìrì wò, ẹ fi í sílẹ̀ nínú iná, kẹ́ ẹ fi surge protector, ohun tí kì í jẹ́ kí iná tó ga lójijì ba ẹ̀rọ jẹ́, sáàárín. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, àrá kì í jẹ́ kí Florida sinmi. Bí ṣájà bá jẹ́ àtijọ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹnì kan máa wá ki í bọ iná fún alẹ́ kan lóṣù, kó sì wo omi.

Àṣìṣe méjì ló ń pa bátìrì yìí jù. Àwọn kan á sọ bíréékà ńlá kalẹ̀ “nítorí ààbò” kí wọ́n tó lọ pápákọ̀ òfúrufú, ṣájà á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ti ìdáná àti ti yàrá ni kẹ́ ẹ sọ kalẹ̀, ẹ fi ti gáréèjì sílẹ̀. Ìkejì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì GFCI, èyí tó ní bọ́tìnnì kékeré méjì lójú: ọ̀rinrin tàbí àrá kan ṣoṣo lè mú un já, kò sì ní dá padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń wo ilé gbọ́dọ̀ mọ bọ́tìnnì tó máa tẹ̀.

Lítíọ́mù

1. Ẹ wà á títí tí agbára á fi kù ní ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún.
2. Ẹ yọ ṣájà.
3. Ẹ pa súwíìṣì ara bátìrì náà. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nìkan kò tó.
4. Ẹ tú wáyà rédíò, ihò USB àti ohunkóhun tí olùtajà so mọ́ ọn tààrà.
5. Bí ẹ máa pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ, tẹ́ ẹ sì rí ẹni, kó yẹ̀ ẹ́ wò lágbedeméjì. Bluetooth orí fóònù kò lè ríran láti Ìbàdàn dé Florida. Ẹni tó bá dúró tì í ló lè lò ó.

Elépo

1. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ má rọ epo sí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí táǹkì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.
2. Ẹ ra epo tí kò ní ẹtanọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ilé epo Florida ń tà á ní orúkọ REC-90. Ẹ rọ ọ́ kún, kí àyè afẹ́fẹ́ má pọ̀.
3. Ẹ da oògùn tí ń tọ́jú epo sí i. Ti STA-BIL pupa, áǹsì kan ni fún gálọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀.
4. Ẹ wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó da oògùn sí táǹkì tó sì pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, epo burúkú ṣì wà nínú kabúrétọ̀ rẹ̀.
5. Tó bá ní kabúrétọ̀: kí ẹ́ńjìnì tutù, ẹ tú ìdè kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ gbọn epo inú rẹ̀ sí ife. Tó bá jẹ́ EFI, ẹ fo ibí yìí. Ẹ má sì jẹ́ kó mu epo rẹ̀ gbẹ, ẹ̀rọ tó ń fa epo lè bàjẹ́.
6. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́ ẹ tó lọ, kì í ṣe tẹ́ ẹ bá dé. Ásíìdì wà nínú ọ́ìlì dúdú, oṣù mẹ́fà ló sì máa fi jẹ irin.
7. Ẹ yọ wáyà òdì bátìrì fólítì 12, tàbí kẹ́ ẹ so ṣájà kékeré tí ń tọ́jú bátìrì mọ́ ọn.
8. Ẹ fi aṣọ dí ẹnu ibi tó ń gba afẹ́fẹ́. Eku fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ so bébà mọ́ kọ́kọ́rọ́ pé “aṣọ wà níbẹ̀”, torí ẹ máa gbàgbé.

Ti gbogbo wọn: ẹ fẹ́ táyà dé iye tó wà lára rẹ̀, ẹ fi igi dí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má fi bíréèkì ọwọ́ há a.

## Tí ẹ bá padà dé tí kò ṣiṣẹ́

*Ṣájà kò fọhùn.* Ẹ má ra ṣájà tuntun síbẹ̀. Ẹ tẹ GFCI padà. Bí iná bá wà síbẹ̀ tí kò dáhùn, ẹ wọn bátìrì: ọ̀pọ̀ ṣájà kì í dá bátìrì tó ti lọ sílẹ̀ jù mọ̀ rárá, wọ́n á ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ò sí níwájú wọn. Ẹ fi ṣájà kékeré fólítì 6 tàbí 8 gba iná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dán ti ńlá wò. Bí lítíọ́mù bá dákẹ́, ẹ ka ìwé ìlò rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì nínú rẹ̀ ló ti pa á kó má bàa bàjẹ́.

*Elépo ń sítáàtì, ṣùgbọ́n ó ń kú tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.* Ihò kabúrétọ̀ ló dí. Ẹ má fi ìtara sítáàtì rẹ̀ títí bátìrì á fi kú. Ẹ gbọn epo àtijọ́ dànù síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà á, kì í ṣe sínú kòtò, ẹ rọ tuntun, kẹ́ ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fọ kabúrétọ̀. Ìta ni kẹ́ ẹ ti sítáàtì rẹ̀. Èéfín ẹ́ńjìnì nínú gáréèjì ń pa èèyàn láìrùn.

## Owó, àti ọ̀nà mìíràn

Bátìrì olómi mẹ́fà sábà máa ń tó dọ́là 900 sí 1,500. Lítíọ́mù pẹ̀lú ṣájà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi 1,500, ó sì lè dé 3,000. Bí ẹ bá pààrọ̀ ti olómi lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ẹ kì í sí nílé, lítíọ́mù ti dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ti ní ọkọ̀ bátìrì olómi tí ara rẹ̀ ṣì le kò nílò ọkọ̀ tuntun: ó lè fi lítíọ́mù rọ́pò. Bátìrì Trojan T-875 mẹ́fà wúwo tó kìlógíráàmù 170, nítorí náà ọkọ̀ máa fúyẹ́ gan-an. Ẹ rí i pé ṣájà tuntun wà nínú iye tí wọ́n dá lé e.

Ẹni tí kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ lọ́dún ńbẹ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gọ́ọ̀fù háyà lóṣù ní àdúgbò náà. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í dúró nínú gáréèjì yín ní oṣù keje.